Àwọn Ọmọ Tí A Gbàgbé Nígbà Ìpín

Ìwé Mímọ́ fún àṣàrò wa: Ìṣe Àwọn Aposteli 6:1–7.



Ìjọ tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìjọ ahun. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń ta ilẹ̀ àti ilé, wọ́n ń kó owó rẹ̀ wá síwájú àwọn Aposteli, ojoojúmọ́ ni a sì ń pín nǹkan fún àwọn aláìní. Síbẹ̀síbẹ̀, nínú ìjọ rere yìí, àwọn opó kan wà tí ìpín kò kàn. A kò kà á níbìkan pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Èdè wọn ni ó yàtọ̀ sí ti àwọn onílé, ojú àwọn tí ń pín kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ yìí ti wúwo tó: ó ṣeé ṣe kí a máa ṣe rere lójoojúmọ́, kí a sì máa gbàgbé àwọn kan lójoojúmọ́ pẹ̀lú, láìmọ̀.

Oúnjẹ ni a ń pín nígbà náà. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ ìwé jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí Ìjọ ti ń pín láti ìgbà tí Ìhìnrere ti dé. Ǹjẹ́ ta ni a kọ́kọ́ pín in fún? Ọmọkùnrin kan ará Òṣogùn, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ni a kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Kò ní baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní owó lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nárì C.M.S. ti kọ́ ọ ní ìwé. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864 a yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní Bíṣọ́ọ̀bù, Samuel Àjàyí Crowther. Bí ó bá ṣe pé ẹni tí ń pín ìwé lọ́jọ́ náà kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ta ni baba ọmọ yìí, èló ni ó sì mú wá?” ta ni ì bá ṣíwájú wa nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìbàdàn, níbi tí David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna dé ní ọdún 1853. Ní Kúdẹtì, obìnrin náà kó àwọn ọmọdé jọ sínú ilé ara rẹ̀. Ó ń bọ́ wọn, ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ó sì ń kọ́ wọn. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí à ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin àwọn baba wa títí a ó fi fi òtítọ́ pamọ́. Ní ọdún 1859 ni C.M.S. dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún 1869 ni ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó tẹ̀lé e. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn ọmọbìnrin fi dúró. Ìjọ tí ń pín kò ṣàì gbàgbé àwọn kan.

Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó sì kọjá 800,000 láàrin ọdún kan ṣoṣo. Níbo ni gbogbo ọmọ wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀? Wọ́n wà lóko, wọ́n wà lọ́jà, wọ́n wà nínú agbo ilé wa. Kì í ṣe ọgbọ́n ni wọ́n ṣaláìní. Ilẹ̀kùn ni a kò tíì ṣí fún wọn.

Lónìí, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2004 wí pé kí gbogbo ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Síbẹ̀, ní 2022, àjọ UNESCO ṣírò pé àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wí pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo wọn wà. Ta ni ó gbé igbá búrẹ́dì kọjá lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìṣirò? Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó gbé àpò ìwé àwọn ọmọ wa dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ó sì padà sílé láti fọ abọ́? Àwọn ilé-ìwé tí Ìjọ wa ń dá sílẹ̀ dára, a sì ń dúpẹ́. A mọ̀ pé owó ni a fi ń san owó oṣù olùkọ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláàárù tí ó wà nínú wọn, nígbà tí owó Ìkórè àwọn òbí wọn wà nínú bíríkì ilé náà?

Àwọn kan a máa wí pé ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wẹ ọwọ́, ta ni í wẹ ìka gígùn tí í fi kúkúrú sílẹ̀? Àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí ni àwọn Aposteli ṣe? Wọn kò bá àwọn tí ń kùn wí. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ Gíríìkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkíní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn tí yóò mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí kò lọ sí ilé-ìwé ní àdúgbò rẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Kí àwọn òbí tí kò ní lọ́wọ́ sì wà lára àwọn tí a yàn. Èkejì, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó Ìkórè fún ìwé, aṣọ ilé-ìwé àti owó ìdánwò àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn nínú àwọn ilé-ìwé wa. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ rán an lọ sí ilé-ìwé, tàbí kí ó má gbà á sílé.

Sí ẹ̀yin olùkọ́, a ní ọ̀rọ̀ kan. Ìpín ọgbọọgba kì í ṣe ìpín òdodo nígbà gbogbo. Ọmọ tí ó rìn láti abà, tí ó dé lẹ́yìn agogo láìjẹun, kí ni ẹ fi ń pàdé rẹ̀: pàṣán ni, tàbí ìbéèrè? Ọmọ tí a ń pè ní olódo, bóyá etí rẹ̀ ni kò gbọ́ dáradára, tí ó jẹ́ pé ìjókòó iwájú ni ó ń fẹ́.

Nígbà tí a tún ìpín náà ṣe ní Jerúsálẹ́mù, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀ sí i, iye àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sì pọ̀ gidigidi. Kí Olúwa, ẹni tí kò gbàgbé ẹnikẹ́ni, là wá lójú láti rí àwọn tí a ti gbàgbé, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.