ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ÌPARA TÍ A FI PAMỌ́

 

Ẹ ka: 2 Àwọn Ọba 5:1-14

Ọ̀rọ̀ awọ ara ni ti Náámánì, ṣùgbọ́n kò fi pamọ́. Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n kó lẹ́rú pàápàá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ti àwa ńkọ́? Túùbù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ọkọ kò mọ̀, dókítà kò mọ̀.

N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí bíbóra láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣáà wo ara túùbù yín. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, steroid nìyẹn. Oògùn gidi ni, àwọn dókítà máa ń kọ ọ́ fún àìsàn awọ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ bí a bá ń fi pa gbogbo ara láàárọ̀ lálẹ́ fún oṣù púpọ̀, ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́run fi ẹ̀yà kékeré kan sórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní cortisol, èyí tó ń gbé wa ró nígbà àìsàn. Bí ti inú túùbù bá ti pọ̀ jù, ẹ̀yà yìí á ní wọ́n ti ń bá òun ṣe é, á bá sùn lọ. Ojú á wú roboto (àwọn kan á ní ìgbádùn ni!), awọ á fẹ́lẹ́, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè gòkè.

Ẹ̀rí-ọkàn lè gún yín báyìí kí ẹ ní ẹ fẹ́ sọ ọ́ dànù lónìí. Àwa oníwàásù la sábà ń sọ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Bó bá ti pẹ́ lára yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ̀yà tó ti sùn kì í jí lọ́jọ́ kan. Àárẹ̀, òòyì àti èébì lè dé, ènìyàn lè dákú, ilé á sì ní ayé ló ń bá a jà. Wọ́n á gbé e wá sí ìṣọ́ òru, nígbà tó jẹ́ ọsibítù ló yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Ìgbà méje ni Náámánì rì bọ Jọ́dánì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ mú túùbù náà dání lọ bá dókítà, ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti ń lò ó, kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì fi pa ọmọ ìkókó o, awọ tiwọn tètè ń fà á wọlé ju tiwa lọ.

Àdúrà: Baba, fún wa ní ìgboyà láti sọ ohun tí a ti ń fi pamọ́, kí O sì jí ohun tó ti sùn nínú ara wa. Lórúkọ Jésù. Àmín.