Àre Ni Tìrẹ, Ọmọ Ṣúpárè

Ìwọ ọmọ Ṣúpárè Àkókó, ìwọ tí o ń jí relé oko, ìwọ tí o ń ná ọjà Ìkàrẹ́, ìwọ tí o ń kàwé ní Akungba, dúró kí n wúre fún ọ. Ààbò Olódùmarè yóò bò ọ́. Àlọ rẹ yóò dára, àbọ̀ rẹ yóò dára. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀, o kò ní tẹ́ lórí rẹ̀.

Òfin ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí ilé aṣòfin Oǹdó ṣe, tí olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú buwọ́ lù ní Oṣù Kẹta ọdún 2020, yóò ṣiṣẹ́ fún ọ. Ẹ̀ṣọ́ wa yóò mọ igbó ju ajínigbé lọ. Ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ ìbọn ńlá wà; Akérédolú béèrè rẹ̀ títí, wọn kò gbà. Kí Elédùmarè rọ ọkàn àwọn tó wà ní Àbújá, kí ọdẹ má fi ṣakabùlà nìkan ko AK-47 lójú. Ìbọn ẹ̀ṣọ́ kò ní ṣèèṣì bà ọ́, ìbọn olè kò ní mọ̀ọ́mọ̀ bà ọ́. Ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ 5 Oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí ẹni tó lọ sin Ọlọ́run kò padà wálé, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò ní ṣẹlẹ̀ ní Ṣúpárè, kò ní ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀kà, kò ní ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ọmọ ènìyàn bá ti kúnlẹ̀.

Ìbò tí o bá dì, ẹnikẹ́ni kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Láàrin aṣòfin 26 tó wà ní Àkúrẹ́, ohùn Àkókó kò ní sọnù. Iṣu rẹ yóò ta, kòkó rẹ yóò so, obì rẹ yóò gbó. Ebi kò ní pa ọ́ débi tí o máa ta ìbò rẹ.

O kò ní rí ẹjọ́ tí kì í ṣe tìrẹ. Bí wọ́n bá ṣì ọ́ mú, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà, kí wọ́n mú ènìyàn dé iwájú rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Kóòtù wà ní Ìkàrẹ́. Ìkàrẹ́ kò jìnnà. Ọjọ́ kan yẹn kò ní di oṣù lórí rẹ, oṣù kò ní di ọdún. Ọmọ rẹ kò ní gbó sínú ẹ̀wọ̀n Olókùúta nítorí pé ìwé ẹjọ́ rẹ̀ sọnù. Ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé kò ní rí ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Ọmọ Ṣúpárè, àre ni tìrẹ: owó kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ, ipò kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Bí òkè tó yí Ọ̀kà ká kò ti kúrò níbi tí Elédùà gbé e sí, ẹnikẹ́ni kò ní lé ọ kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ. Àṣẹ.

Jọ̀wọ́, pa káàdì ìdìbò rẹ mọ́. Bí ọjọ́ ìbò bá pé, má ṣe jókòó sílé.