Àgbàrá Tí A Lé Lọ, Ilé Ta Ni Ó Yà Sí?

Ẹ̀yin ará wa, gbogbo àwa tí a fi Upper Sakponba ṣe ibùgbé ni a mọ ohun tí òjò ń fi ojú wa rí. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń la gọ́tà. Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí onílé kọ̀ fún un, ta ni ó gbà á lálejò?

Omi tí ó ti ṣàn lórí títì ọlọ́dà kì í ṣe omi òjò lásán mọ́. Ó ti fọ epo ẹ́ńjìnnì tí ó kán sílẹ̀, ó ti kó eruku táyà àti ti bíréèkì, kí á tó wá sọ ti ìdọ̀tí tí àwa fúnra wa ń dà sí gọ́tà lóru (ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á tan ara wa). Àgbàrá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sábà máa ń burú jù, nítorí ẹrù oṣù púpọ̀ ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ní Benin níhìn-ín, inú yàrà àtijọ́ tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Iya, àti odò Ikpoba àti Ogba, ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ nínú odò.

Àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn ni a fi ń dán omi àlùwàlá wò. Ṣùgbọ́n májèlé wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè fi hàn. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ẹja coho tí ó ń padà wá yé ẹyin máa ń kú lẹ́yìn òjò nínú odò tí ó wà nítòsí títì. Ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ tó kéde ohun tí ń pa wọ́n: èròjà kan tí a ń fi sínú táyà kí ó má baà tètè sán, tí atẹ́gùn ozone ti sọ di májèlé. Ta ni ó pa ẹja náà? Kò sí awakọ̀ kan tí a lè mú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn yìí ti le. Àwọn kan yóò ní ohun tí gbogbo ayé jọ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. N kò gbà. Ẹni tí kò mọ ibi tí àgbàrá ń lọ lè ní àwáwí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó la gọ́tà ti yan ibi tí yóò dé. Aládùúgbò wa ni ẹni tí ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gbun Queen Ede, ní Ikpoba-Okha tiwa níhìn-ín, ti fi hàn pé omi tí kò ní ibi ìsinmi lè gbé ilé lọ. Kí gọ́tà tó dé odò, ó yẹ kí omi gba ibi gbọọrọ tí koríko hù, kí ó dúró díẹ̀ nínú adágún, kí yẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Kí àwọn mẹkáníìkì wa sì máa gba epo àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ ni ọ̀nà yìí yóò ná wa, àlejò sì ni wá níhìn-ín. Nítorí náà, kí á tó dá kọ́bọ̀ kan jọ, àwọn onílẹ̀ àti àwọn tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ pè sí ìpàdé.