Ìwúre fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera Tó Ń Lọ Kọ́ṣẹ́ Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn kéékèèké ní Mọníyà, ní Ìjàyè, ní Làlúpọn, ní Ẹ̀rúnmu àti ní Akánrán lágbègbè Ìbàdàn, iṣẹ́ ò ní pa yín. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń gbẹ̀bí, tí ẹ ń gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ará oko sì ń pè yín ní dókítà kí ìwé tó pè yín bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà dé góńgó, orí yín á sìn yín débẹ̀.

Ọ̀nà jìn, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ ó padà lọ jókòó ìdánwò JAMB láàárín àwọn ọmọ tí ẹ ti gbẹ̀bí irú wọn. Kírẹ́dìtì Físíìsì tó bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà kan, ẹ ó rí i gbà. Ọdún 6 ni ti yunifásítì, ọdún 1 ni ti háúsìmánṣípù, ọdún 1 ni ti àgùnbánirọ̀ fún ẹni tí kò bá tíì kọjá ọmọ 30 ọdún nígbà tó gboyè. Ìyanṣẹ́lódì ò ní sọ 6 di 9 mọ́ yín lọ́wọ́. Yàrá òkú tí ẹ ó ti kọ́ nípa ẹ̀yà ara ò ní lé yín padà sílé. Owó ilé ìwé ọmọ yín àti ti ẹ̀yin fúnra yín ò ní máa bára wọn du náírà kan ṣoṣo. Ìyá tó ń bá yín tọ́jú ọmọ ò ní ṣàìsàn. Àwọn ọmọ kíláàsì tí yóò máa pè yín ní màmá tàbí bàbá, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti wá kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ kan aláìsàn.

Mo fi àwọn tó ṣáájú bẹ Ọlọ́run. Ní 1930, ìjọba amúnisìn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yábà sílẹ̀, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa kàwé kárakára, síbẹ̀ wọn ò kà wọ́n kún dókítà gidi. Ẹ̀dùn ńlá ni. Ní 1948, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń rí aláìsàn kí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957. Olódùmarè tó ṣí ilẹ̀kùn náà, má jẹ́ kí a tún kọ́ ọmọ wa tán kí a ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání lọ. Tépù tín-ín-rín tí ẹ fi ń wọn apá ọmọdé: tó bá bọ́ sójú àwọ̀ ewé, ìyá á rẹ́rìn-ín, tó bá bọ́ sójú pupa, ẹ ti fura pé oúnjẹ ò kárí nílé kí ìyá tó lanu. Bí ẹ ṣe ń fa ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ ń bá a sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ojú má tì í níwájú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kí ìmọ̀ ìwé má lé ìyẹn kúrò lọ́kàn yín láé.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ẹ ń tẹ̀ lé ti pààlà fún yín: èyí tí ẹ lè tọ́jú rèé, èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé ìwòsàn ńlá rèé. Ẹ ti bá aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wá ọkọ̀ lóru, lójú ọ̀nà tí òjò ti bà jẹ́. Ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà ìfiránṣẹ́ yẹn ni yóò di ọwọ́ tó ń gbà á. Ẹni tí wọ́n bá gbé tọ̀ yín wá ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá di dókítà tán tó sọdá sókè òkun, mi ò ní ṣépè fún un. Owó oṣù tí kò tó ná ló ń lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, àdúrà yìí kan ìjọba. Kí Olódùmarè fi sí wọn lọ́kàn láti san ẹ̀tọ́ yín lásìkò, kí wọ́n kọ́lé tí dókítà lè gbé sí oko, kí iná wà ní yàrá ìgbẹ̀bí lóru. Kí wọ́n sì tètè gba ẹlòmíràn sípò yín bí ẹ bá ti ń lọ, torí aboyún wà ní Akánrán tí yóò rọbí lóṣù tó ń bọ̀. Àṣẹ.