Ọwọ́ Tó Gba Ìwọ̀n

Àwọn àgbà wa ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í dúró gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Kò sọ pé ọmọdé ni kó lọ kọ́gbọ́n. Àgbà ló dárúkọ. Ẹni tó ti gbó tó ti tọ́, tí gbogbo ilé ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìmọ̀ràn, òun gan-an ni òwe ní kó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ojú má bàa tì í. Ẹ jẹ́ ká gbé òwe náà wọ ilé ìdáná lónìí, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí àwa àgbà ti máa ń rò pé a ti mọ̀ tán tó ibẹ̀.

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó, ẹni tó bá sọ fún ìyá tó ti fi ìkòkò ọbẹ̀ tọ́mọ yanjú pé kó ṣí ìwé kó tó dáná, èébú ló ń wá. Ẹ̀bi ìyá náà kọ́. Ẹ wo orí àpáta tó tẹ́jú lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ẹ̀rùn, bí láfún tí wọ́n sá sórí rẹ̀ ṣe funfun báláú nínú oòrùn. Ta ló kọ̀wé bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún wọn, ta ló kọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kó o sílẹ̀? Ìyá wọn ló fi hàn wọ́n, ìyá ìyá wọn ló fi han ìyá wọn. Ẹni tó ní irú ogún bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé kí ni ìwé fẹ́ kọ́ òun.

Síbẹ̀, ní ọdún 1934, J. A. Mars àti E. M. Tooleyo jókòó, wọ́n kọ ìwé oúnjẹ sísè tí wọ́n pè ní The Kudeti Book of Yoruba Cookery. Ilé ìtàwé CMS ní Èkó ló gbé e jáde. Kúdẹtì ni àdúgbò tí àwọn míṣọ́nnárì CMS tẹ̀dó sí ní Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà kó tó di ara ilé ẹ̀kọ́ St Anne's. Ní 1957, Omosunlola Williams tún gbé tirẹ̀ jáde láti ilé ìtẹ̀wé Longmans, Miss Williams' Cookery Book. Abẹ́ ìjọba òyìnbó ni a wà nígbà tí wọ́n kọ ìwé Kúdẹtì yìí, èdè òyìnbó sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ Yorùbá ni wọ́n ka sí ohun tó tó kọ sínú ìwé.

"Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ ìbínú àtijọ́ la sábà máa ń pa òwe yìí sí: ohun tí a ṣe láìdáa lánàá tó ṣì ń tani lónìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n pa á sí rere lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tí a fi òótọ́ inú ṣe náà kì í tètè tutù. Ìyá wa ń sebẹ̀ fún àwọn tó jókòó yí iná ká. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ń sè é fún ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ohun tó sì mú kí èyí ṣeé ṣe ni ìwọ̀n. Ọwọ́ kan, ìka méjì, "títí tí yóò fi dáa lójú rẹ", kò sí èyí tó ṣeé fi ránṣẹ́ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni láti òkèèrè ní láti mú iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó dà á sínú ṣíbí, kó wò ó, kó sì sọ òótọ́ nípa iye tó jẹ́. Ìtẹríba ńlá nìyẹn fún ẹni tí gbogbo ayé ti ń pọ́n ọwọ́ rẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. "Àṣejù, baba àṣetẹ́." Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò sọ pé kí a má ṣe, wọ́n ní kí a má ṣe é jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Ìyẹn kò ju ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì lọ, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ nìyẹn o: ti ọbẹ̀, ti búrẹ́dì, ti núdù àwọn ọmọ, àti èyí tó fara pamọ́ sínú mágí. Ẹni tó bá ju mágí mẹ́ta sínú ìkòkò, tó tún wá bu iyọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bu iyọ̀.

Ohun tó sì yẹ kó dẹ́rù ba àwa àgbà ni pé bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ ni ahọ́n ń kú. Adùn tó ń ta ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹ́nu kò ta wá mọ́. Ọwọ́ wa á wá máa fi kún un láìmọ̀, a ó tọ́ ọ wò, a ó ní kò tíì dé ibẹ̀, a ó tún fi kún un. Ọwọ́ tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni ahọ́n ń tàn jẹ jù. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n kì í fi í ṣe àbùkù: aránṣọ tó mọṣẹ́ jù nílùú, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí ìyẹn sọ pé kò mọṣẹ́.

Mo mọ ìyá kan ní Ọ̀kà tí dókítà sọ fún Bàbá, ọkọ rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ru. Ìyá yìí gba ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó gbé e ti agolo mílíìkì kó má bàa pa dé, ó ní kí ọmọ náà máa kà á sí òun létí. Ó din iyọ̀ kù, ó yọ mágí kúrò, ó fi irú, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ rọ́pò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà ni?" Ìyá dá a lóhùn pé, "Iyọ̀ ò wọ́n, ẹ̀yin lẹ wọ́n." Bàbá kùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tó yá kò kùn mọ́, torí pé ahọ́n a máa kọ́ bí a bá fún un láyè. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Bí a bá ń pa òwe yìí, wọ̀bìà la máa ń nà án sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni alásè ń gbà mú ẹni tó fẹ́ràn kúrò lọ́wọ́ ikú, bó bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn kan á ní oúnjẹ aṣaralóore, ti olówó ni. Wọ́n á mú òwe gbè é lẹ́sẹ̀: "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." N kò jiyàn, ẹni tó ra ẹran ní ọjà Ìkàrẹ́ láìpẹ́ yìí kò ní jiyàn pẹ̀lú òwe náà. Ṣùgbọ́n irú kì í ṣe oúnjẹ olówó, iṣẹ́ ló ń jẹ. A ó se kóró igbá láti àárọ̀ dalẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ bó, a ó tún un sè, a ó fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di irú. Òórùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń tìtorí rẹ̀ dímú, òórùn iṣẹ́ ni. Tẹ̀tẹ̀ àti ewúro wà lẹ́yìnkùlé. "Epo ni ìrójú ọbẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n epo tí a yọ́ títí tó fi funfun ti pàdánù ohun tó mú un pupa, ohun náà sì ni ara fi ń ṣe fítámì A tí ojú ń lò. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a tún dá padà sórí iná fún wákàtí kan, hàrìhá rẹ̀ là ń jẹ. Kí ẹ̀fọ́ wọ ìkòkò kẹ́yìn, kó má pẹ́ níbẹ̀.

Ti òkèlè ńkọ́? "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ọmọ Àkókó kì í jẹ́ kí wọ́n parí òwe yìí, iyán ló máa ń gbọ́ tán. Mo mọ̀ pé wọ́n á bá mi jà, síbẹ̀ mo ní kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní kí ẹ̀fọ́ àti èso tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ tó gíráàmù 400, ọbẹ̀ tí a fi ń tan òkèlè lásán kò sì lè débẹ̀ láéláé.

Gbèsè wà lọ́rùn wa, àwa tí a jogún ìkòkò yìí. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà. Ti àṣírí nìyẹn, kì í ṣe ti bí a ṣe ń se ọbẹ̀ náà. Ìyá tó mọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ Àkókó lọ́nà ti ìdílé rẹ̀ wà láàyè lónìí. Kí ọmọ lọ jókòó tì í, ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Kí ó mú ìwé àti ṣíbí dání. Bí Ìyá bá ti bu iyọ̀ sọ́wọ́, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó dà á sínú ṣíbí ná kó tó kan ìkòkò, kó kọ iye rẹ̀. Bákan náà ni irú, bákan náà ni epo. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ dáná ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ láti inú ohun tó kọ, kó dín iyọ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, kó gbé e fún Ìyá láìsọ ohunkóhun, kó sì gbọ́ ohun tó máa wí.