Kùtúbà Jímọ̀: Owó Alágbàṣe àti Ọ̀nà Tí Yóò Là fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

KÙTÚBÀ KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ẹyìn àti ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì pín arísìkí fún un kí ó tó jáde nínú ìyá rẹ̀. A tọrọ ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ fún Ànábì wa Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀, fún àwọn sàhábé rẹ̀, àti fún gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú láti páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú ìrun wa àti nínú òwò wa.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò bọ́ wọn. A máa ń ṣe àdúà fún ẹni tí kò rí iṣẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí ní ìdájí, tí ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò sì rí owó oúnjẹ ọ̀la mú délé, a kì í sábà rántí rẹ̀ nínú àdúà wa. Ó wà láàrin wa nínú sàfù yìí. Òun ni ọmọbìnrin tí ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́. Òun ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó ní ìwé ẹ̀rí NCE. Òun ni ọmọkùnrin tí ń di omi sínú ọ̀rá, àti ẹni tí ń ta epo ní ilé epo, tí wọn yóò gé owó rẹ̀ bí ìṣirò bá dín. Òun ni ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé wa kí àwa lè sùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí ọmọ kan bá ń gba ₦30,000 lóṣù, tí ó sì ń ná ₦800 lójúmọ́ lórí ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, bí ó bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ nínú oṣù, ọkọ̀ nìkan ti jẹ ₦20,800. Ohun tí ó kù ni ₦9,200. Nínú rẹ̀ ni yóò ti jẹun, nínú rẹ̀ ni yóò ti ra oògùn, nínú rẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń retí kí ó mú nǹkan wá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọlé tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, ẹ rántí ìtàn Ànábì Mùsá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú Súrà Al-Qasas. Ààfin Fir'auna ni ó ti dàgbà. Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí ó fi sá kúrò ní ilẹ̀ Misra, ó sì rìn títí ó fi dé ibi omi Madiyana, níbi tí kò ti ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀. Ó rí àwọn darandaran tí wọ́n ń fún ẹran wọn lómi, ó sì rí obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran tiwọn dúró sẹ́yìn. Bàbá wọn ti di arúgbó, wọ́n sì ń dúró kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kó ẹran wọn lọ. Mùsá bá wọn fún ẹran lómi, kò bèèrè owó. Ó padà sábẹ́ ibòji, ó sì sọ àìní rẹ̀ fún Olúwa rẹ̀.

Kò pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà padà wá pẹ̀lú ìtìjú, ó ní bàbá àwọn ń pè é láti san ẹ̀san iṣẹ́ tí ó ṣe. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọbìnrin kan nínú wọn gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kí ó gba ọkùnrin náà síṣẹ́, nítorí ó ní agbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Bàbá náà bá Mùsá ṣe àdéhùn: ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ yóò jẹ́, bí ó bá fẹ́, ó lè sọ ọ́ di mẹ́wàá, yóò sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fún un ní aya. Ó ṣèlérí pé òun kò ní ni ín lára. Mùsá gbà, wọ́n sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ṣiṣẹ́ náà pé. Lẹ́yìn náà ni ó kó ará ilé rẹ̀ jáde, ojú ọ̀nà yẹn sì ni Ọlọ́hun ti pè é sí iṣẹ́ òjíṣẹ́.

Ẹni mẹ́ta ni ó la ọ̀nà yìí: òṣìṣẹ́ tí ó ní agbára àti òtítọ́, ẹni tí ó bá a sọ ọ̀rọ̀ rere, àti agbanisíṣẹ́ tí ó ṣe àdéhùn tí kò sì ni í lára. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà lè má là. Nítorí náà a kò ní di ẹrù yìí lé àwọn ọ̀dọ́ nìkan lórí.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ kékeré tí ó mọ́. Ẹni tí ó dàgbà ní ààfin da ẹran fún ọdún púpọ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún àwọn sàhábé rẹ̀ pé òun náà da ẹran fún àwọn ará Mọ́kà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ dàgbà sídìí iṣẹ́ tí kò bọ́ yín. Ọdún tí Mùsá lò ní iye. Kí tiyín náà ní iye. Ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni mo ń kọ́ níbí tí n ó mú lọ síbòmíràn? Ọmọ tí ń tajà lè kọ́ bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà àti owó. Ẹni tí ń ru búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà lè kọ́ bí a ti ń tò ó.

Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ kankan níbi iṣẹ́ yín, ẹ wá wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́. Àjọ NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lọ bèèrè níbẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí kò ní ìwé, kí ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tréèdì tẹ́ẹ̀sì. Ìwé náà lè ṣílẹ̀kùn tí ẹnu lásán kò lè ṣí.

Agbára nìyẹn. Òtítọ́ ńkọ́? Bí ọ̀gá bá rẹ́ yín jẹ, ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín ní gbangba pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì mú àgbà kan dání tí yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a yọ́ mú nínú dúrọ́ọ̀ ọlọ́jà kì í ṣe àfikún owó oṣù, olè ni. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ tí ó sàn jù, ẹ lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá ṣáájú, ẹ ro ìṣirò fún un, ẹ má ṣe sá. Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ dáadáa lónìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí yín lọ́la.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi àìní yín jẹun. Ẹni tí ó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó fojú kan ilé iṣẹ́ náà, ẹ sá fún un. Ẹni tí ó ní òun yóò mú ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, tí kò sì fẹ́ kí òbí rí ìwé àdéhùn, ẹ má tẹ̀ lé e. Tẹ́tẹ́ orí fóònù àti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ. Alùbáríkà kò sí nínú wọn.

Sí ẹ̀yin agbanisíṣẹ́

Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun fi ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ta lọ́rẹ, ẹ gbọ́. Ànábì wa pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó jẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán tí kò sanwó, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá a ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ta ni nínú wa tí ó lè gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò?

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́yìn odi òfin. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ibi tí òfin ìjọba kò dé, ìpáyà Ọlọ́hun yẹ kí ó dé ibẹ̀.

A mọ̀ pé ìyá tí ń ta ìpara nínú kíóòsì lè má lè san ₦70,000 fún ọmọ kan. A kò ní parọ́ fún un pé ó lè san án. Ṣùgbọ́n ó lè dárúkọ iye tí yóò san kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀, dípò kí ó ní, "Máa bọ̀ ná, a ó máa wò ó." Ó lè san án ní ọjọ́ tí ó dá. Ó lè fún un ní oúnjẹ ọ̀sán. Ó lè tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Kí ó má ṣe gé owó rẹ̀ nítorí ọjà tí ó sọnù láìsí ẹ̀rí. Ìyẹn ni àìnini-lára tí bàbá Madiyana ṣèlérí rẹ̀.

Sí ẹ̀yin àgbà

Mùsá kò mọ ẹnì kan ní Madiyana. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin kan ni ó mú un wọlé. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé àyè ṣí ní ibi kan, tí kò dárúkọ ọmọ kankan? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ẹ dárúkọ ọmọ tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀.

Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansọ́ọ̀rì wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì wa. Ó ní kí ó lọ mú ohun tí ó ní nílé wá: aṣọ kan àti ife ìmumi kan. Ànábì tà wọ́n ní dírámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra irin àáké. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki igi bọ àáké náà, ó ní kí ó lọ máa ṣẹ́gi tà, òun kò sì fẹ́ rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ó padà dé, ó ti ní dírámù mẹ́wàá. Ẹ wò ó: oúnjẹ kọ́kọ́ wọlé, irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, àgbà sì fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un. Bí a ti í ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ohun tí a ní láti sọ nìyí. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kò tọ́ kí a dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yín kí a má dárúkọ ilé yìí. Ní oṣù tó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ń yẹ ìwé ìṣirò wò nítorí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. A kan orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbá ilé yìí, tí ń pọn omi àlùwàlá, tí ń ṣílẹ̀kùn fún ìrun àsùbáà. ₦20,000 ni a ń san fún un lóṣù. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí a kò fi kọ́bọ̀ kan kún un, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni oṣù tuntun ti dé ìdajì lọ́dún yìí kí a tó rántí san án. Kò sọ nǹkan kan, àwa sì pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tí a pè é ni a gbọ́ pé ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn wá nínú òkùnkùn, nítorí owó ọkọ̀. Ojú tì wá.

A máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́run. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kò san gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa. A fi orúkọ Ọlọ́hun bo àìṣedéédéé wa, a sì ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun àti lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó dárí jì wá, ó sì gbà kí a sọ ọ́ fún yín.

A ti pinnu pé kápẹ́ẹ̀tì yóò dúró. Láti oṣù yìí lọ, ₦70,000 ni a ó máa san fún un, kí oṣù tó parí. Arákùnrin wa kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ti gbà láti máa kọ́ ọ níṣẹ́ láàrin ìrun àìlá àti ìrun àlàásárì. Ní ọjọ́ tí ó bá yege tí ó sì fẹ́ lọ, àwa ni a ó kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún un, pẹ̀lú ayọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹ òṣìṣẹ́ lówó nínú wa, kí ó san án kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, akọ̀wé wa yóò jókòó pẹ̀lú ìwé méjì: ọ̀kan fún ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ tí ó sàn tàbí iṣẹ́ ọwọ́, èkejì fún àgbà tí ó ní àyè, irinṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ láti fún ni. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìwé kejì ṣófo.

Ọlọ́hun, fi ẹ̀tọ́ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò níbi èèwọ̀. Ọlọ́hun, fi alùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́, kí O sì la ọ̀nà fún wọn bí O ti là á fún Mùsá. Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí òógùn ẹnikẹ́ni bá wa ṣe ẹjọ́ lọ́dọ̀ Rẹ. Forí jin àwọn òbí wa, alààyè wọn àti òkú wọn. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ dìde, kí a gbé ìrun dúró.