Ta Ló Ni Odi Ìlú?

 

Lẹ́yìn tí a ra aṣọ tán ní Kantin Kwari ní Kano, a ní kí á wo ìlú àtijọ́ kí á tó padà sí Kubwa. A dé Kofar Mata, níbi tí wọ́n ti ń fi kòtò rẹ aró, èyí tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Ṣùgbọ́n odi ìlú ló gbà wá lọ́kàn jù. Ìtàn Kano sọ pé Sarki Gijimasu, tó jọba láti 1095 sí 1134, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sì ju 200 ọdún lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó ru agbọ̀n amọ̀ àkọ́kọ́ kò rí òpin iṣẹ́ náà. Inú odi yìí náà ni àwọn Yorùbá oníṣòwò tẹ̀dó sí ní Ayagi.

Ní 1903, àgbá òyìnbó fọ́ ọ wọlé. Èyí tí àgbá kò wó, òjò àti ọwọ́ àwọn tó ń gbé ìlú ń wó o díẹ̀díẹ̀: àwọn kan bu amọ̀ rẹ̀ kọ́lé, àwọn mìíràn kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ààyè rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á yára dá wọn lẹ́bi. Bí òjò bá wó ilé tálákà, tí kò sì sí ogun mọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó bu agbọ̀n amọ̀ kan? Ìbéèrè yìí bá wa dé Kaduna. Èsì tí a rí ni pé agbọ̀n kan kò lè wó odi, ṣùgbọ́n ẹni tó bu tirẹ̀ kò lẹ́nu láti dá ẹlòmíràn dúró. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, amaana ni. Àwọn tó ṣe é ti kú, àwọn tí yóò lò ó kò tíì dáyé. Ọwọ́ wa ló wà.

Nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà dojú kọ wá. A ti fa ìsọ̀ tiwa pàápàá kọjá gọ́tà, a tẹ́ pákó lé e, bí gbogbo ará ìlà wa ti ṣe. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, omi kò rọ́nà lọ, ó ya wọ ilé ìyá àgbà kan lẹ́yìn ìsọ̀, ó sì ba gàrí rẹ̀ jẹ́. Àwáwí wa ni pé àlejò ni wá, ilẹ̀ Gbagyi ni, ìjọba ló sì ni gọ́tà. Ṣùgbọ́n odi tí ará Ayagi kò bẹ̀rẹ̀ dáàbò bo àwọn náà. Àlejò tó jẹ nínú oore ìlú ti jẹ gbèsè ìtọ́jú rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ kéú pé mímú ìnira kúrò lọ́nà wà lára ìgbàgbọ́, ojú wo la ó fi wò wọ́n?

A ti ká pákó wa. Àyè ìsọ̀ wa dín kù, ọjà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Kò dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n a ti lẹ́nu báyìí láti bẹ ará ìlà wa.

Kí Ọlọ́hun má fi wá ṣe ẹni tí yóò bu agbọ̀n tó kẹ́yìn. Àmín.